"Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí": Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìlò Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ fún Ìwádìí Okùnfà Àrùn Ọpọlọ

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ okùnfà àrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láàárín àwọn Yorùbá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà wá a nínú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò lámèyítọ́ lórí ọ̀nà náà, èyí tí ó jẹ́ dídá sẹ́ẹ̀lì awọ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ padà sí ipò ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fi ṣe òṣùwọ̀n. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rí ọ̀nà yìí lágbára níbi tí okùnfà àrùn bá ti jẹ́ ẹyọ kan, bí ó ti rí nínú ọ̀ràn Zika ní Brazil, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí náà kò lè dá nìkan dúró níbi tí okùnfà bá ti pọ̀. Iṣẹ́ yìí tún yẹ àwọn orúkọ tí wọ́n ń fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wò, ó sì dá àbá lórí bí olùkọ́ ṣe lè ṣàlàyé wọn ní èdè Yorùbá láì ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ náà jẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí láti fi ìdí ẹjọ́ múlẹ̀ nígbà tí ohun méjì bá tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, tí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ìdí láti béèrè ẹ̀rí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ojú lámèyítọ́ wo òwe náà, yóò rí i pé ìbéèrè ni wọ́n fi parí rẹ̀. Igbe wà níbẹ̀, ikú náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí ó so igbe pọ̀ mọ́ ikú. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni gbogbo ìwádìí okùnfà àrùn ń gbìyànjú láti dí.

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara ènìyàn, ó ṣòro láti rí èyí tí àlàfo yìí fẹ̀ nínú rẹ̀ tó ti ọpọlọ. Dókítà lè mú bíńtín lára ẹ̀dọ̀ aláìsàn láti fi ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí wọ́n gé lára ọpọlọ alààyè kìkì nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó fa àrùn rẹ̀. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó àwọn olùṣèwádìí kò ju ọpọlọ òkú, ọpọlọ eku àti àwòrán ọpọlọ tí ẹ̀rọ ń yà lọ. Ọpọlọ òkú lè sọ bí àrùn ṣe parí. Kò rọrùn fún un láti sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ eku, ní tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ènìyàn ní ọ̀nà púpọ̀, pàápàá ní ti bí ó ṣe ń dàgbà.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni ó la ọ̀nà mìíràn. Ìlérí ọ̀nà náà pọ̀, ariwo tí ó sì tẹ̀lé e kò kéré. Iṣẹ́ yìí kò kọ ìlérí náà, kò sì gba ariwo náà wọlé láìwò ó. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó fi ń wọn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó yẹ̀wò. Èkíní, ǹjẹ́ ohun tí wọ́n fura sí lè ṣe ìjàǹbá náà nínú irú sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an? Èkejì, bí wọ́n bá mú ohun náà kúrò, tàbí tí wọ́n fi ohun mìíràn tí ó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀, ǹjẹ́ ìjàǹbá náà ń dáwọ́ dúró? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ohun tí ojú rí nínú àwo yàrá ìwádìí bá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn mu?

2.0 Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà

Inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ara ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọlẹ̀ ti ń dàgbà nínú ilé-ọmọ ni sẹ́ẹ̀lì náà ń pín, tí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ń mú iṣẹ́ tirẹ̀: òmíràn di awọ, òmíràn di ẹ̀jẹ̀, òmíràn di ọpọlọ. Jíìnì kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn. Èyí tí oníkálukú ń lò nínú jíìnì náà ni ó yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́, tí ó sì lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì, ni iṣẹ́ yìí pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀.

Ní ọdún 1998, James Thomson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà rí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ènìyàn yọ láti inú ọlẹ̀ tí kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọ̀nà yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀, nítorí pé ọlẹ̀ náà kò ní dàgbà mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ kò lè sọ ìtàn aláìsàn kan pàtó tí ó ti dàgbà. Ní ọdún 2006 ni Shinya Yamanaka àti Kazutoshi Takahashi ní Kyoto, ní orílẹ̀-èdè Japan, fi hàn pé bí wọ́n bá fi jíìnì mẹ́rin péré sínú sẹ́ẹ̀lì awọ eku, sẹ́ẹ̀lì náà yóò padà sí ipò ìpìlẹ̀. Ní 2007, wọ́n ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. John Gurdon ti fi irú ìpadàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ hàn nínú ọ̀pọ̀lọ́ inú odò láti ọdún 1962. Òun àti Yamanaka ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2012.

Kò pẹ́ tí àwọn tí ń wádìí àrùn fi rí ìwúlò rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí Kevin Eggan ti Yunifásítì Harvard wà lára aṣíwájú wọn, mú sẹ́ẹ̀lì awọ lára obìnrin ẹni ọdún 82 kan tí ó ní ALS, ìyẹn àrùn tí ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pàṣẹ fún iṣan títí apá àti ẹsẹ̀ yóò fi kọ iṣẹ́. Wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí ìpìlẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di irú sẹ́ẹ̀lì tí àrùn náà ń pa. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n lè bá àrùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dípò kí wọ́n máa bá a ní òpin. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní Wisconsin, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọmọ kan tí ó ní àrùn tí ń sọ iṣan ọmọdé di aláìlágbára wé ti ìyá rẹ̀ tí kò ní àrùn náà. Sẹ́ẹ̀lì ti ìyá dúró. Ti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ìfiwéra yìí ni ó fún iṣẹ́ náà ní iyì, nítorí pé láìsí sẹ́ẹ̀lì ìyá, kò sí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe mọ̀ bóyá àrùn ni ó pa sẹ́ẹ̀lì ọmọ tàbí ìtọ́jú inú àwo.

3.0 Ọ̀ràn Zika ní Brazil

Bí ó bá ku ibi kan tí òwe àjẹ́ àná ti wọ inú ìwádìí sáyẹ́ǹsì tààrà, Brazil ni. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, ní ìpínlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àtìrandíran Yorùbá wà, rí fáírọ́ọ̀sì Zika nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ń gbóná, tí ara wọn sì ń sú. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Kí ọdún náà tó parí, àwọn dókítà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ tuntun tí orí wọn kéré ju bí ó ti yẹ lọ, tí ọpọlọ wọn kò sì dàgbà tán. Ìbà dé lánàá, ọmọ olórí kékeré dé lónìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ọ̀ràn náà gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Zika nìkan ni ó ké lánàá. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi láti pa ìdin ẹ̀fọn ni ó fà á, ọ̀rọ̀ yìí sì tàn dé ibi pé ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul dá lílo oògùn náà dúró ní oṣù Èrèlé kan náà. Àwọn mìíràn di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí ni ó ní àsìkò lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ohun tí ó sì wà nínú ewu kò kéré: bí ó bá jẹ́ oògùn ni, kí wọ́n dá a dúró, bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni, dídá oògùn ẹ̀fọn dúró yóò fi kún ìyọnu àwọn aláboyún.

Ibí ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti wúlò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016, Hengli Tang, Hongjun Song, Guo-li Ming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìdánwò wọn jáde. Wọ́n ti sọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àdápadà di àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nínú ọlẹ̀, wọ́n sì fi Zika sí wọn. Fáírọ́ọ̀sì náà wọ inú wọn, ó dí wọn lọ́wọ́ láti pín, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó ti ń gbó díẹ̀ kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ọpọlọ bá kú ṣáájú kí wọ́n tó bímọ tó, ọpọlọ kò ní tóbi, orí kò sì ní tóbi pẹ̀lú. Ìdáhùn sí ìbéèrè èkíní nìyí.

Ní Rio de Janeiro, Patricia Garcez, Stevens Rehen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú ìbéèrè èkejì ní ọ̀kúnkúndùn. Wọ́n hu ìṣù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nínú àwo, wọ́n sì fi Zika sí apá kan rẹ̀. Ìdàgbàsókè èyí tí Zika wọ̀ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti èyí tí kò wọ̀. Wọ́n tún fi fáírọ́ọ̀sì ibà dengue, tí ó jẹ́ ìbátan Zika tí ẹ̀fọn kan náà ń gbé, dán an wò. Ibà dengue kò ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá ti mú dengue wọ inú iṣẹ́ náà, alátakò lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì èyíkéyìí tí wọ́n bá dà sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo yóò pa á.

Síbẹ̀, àléébù kan wà lára iṣẹ́ àwọn Tang tí lámèyítọ́ kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Irú Zika tí wọ́n lò jẹ́ èyí tí wọ́n rí lára ọ̀bọ kan nínú igbó Zika ní Uganda ní ọdún 1947, kì í ṣe èyí tí ń jà ní Brazil. Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2016, àwọn olùṣèwádìí kan ní Brazil, tí Patrícia Beltrão-Braga ti São Paulo wà lára aṣíwájú wọn, fi irú ti Brazil gan-an ṣe ìdánwò. Ó pa sẹ́ẹ̀lì ènìyàn nínú àwo, ó sì kọjá lára ìyá eku kan dé ara ọmọ inú rẹ̀.

Ti ìbéèrè kẹta ńkọ́? Àwo kò lè dá a dáhùn. Ní oṣù Èrèlé ọdún náà, àwọn dókítà ní Slovenia ti rí fáírọ́ọ̀sì Zika nínú ọpọlọ ọmọ inú obìnrin kan tí ó ti gbé ní Brazil. Ẹ̀rí ara ènìyàn yìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn aláboyún àti àwọn ìdánwò tí iṣẹ́ yìí ti mẹ́nu bà, ni ó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, kéde ní oṣù Igbe ọdún 2016 pé Zika ni ó ń fa orí kékeré náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì nínú ẹjọ́ yìí. Kì í ṣe òun ni adájọ́.

4.0 Níbi tí okùnfà bá ti pọ̀

Ọ̀ràn Zika rọrùn láti gbé yẹ̀wò nítorí pé afura kan ni ó wà níwájú olùṣèwádìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbi tí jíìnì kan ṣoṣo bá ti bàjẹ́. Ní ọdún 2013, Madeline Lancaster àti Jürgen Knoblich ní Vienna hu ìṣù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láti ara aláìsàn kan tí wọ́n bí pẹ̀lú orí kékeré nítorí àbùkù jíìnì tí wọ́n ń pè ní CDK5RAP2. Wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ọpọlọ kánjú di sẹ́ẹ̀lì tí ó gbó, iye tí wọn ìbá bí kò sì pé. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí jíìnì náà kò lè pèsè mọ́ kún un, ipò náà sàn díẹ̀. Aláìsàn kan péré ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè èkíní àti èkejì ní ìdáhùn, bí orí aláìsàn náà ṣe rí sì dáhùn ẹ̀kẹta.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ó kan schizophrenia, ọ̀kan lára àwọn àrùn tí Yorùbá kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ náà wèrè, tí ó máa ń mú kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ní ọdún 2011, Kristen Brennand, Fred Gage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ sẹ́ẹ̀lì awọ àwọn aláìsàn mẹ́rin di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ìsopọ̀ tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì kéré sí ti àwọn tí ara wọn yá, loxapine, oògùn tí wọ́n ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, sì mú kí ìsopọ̀ náà pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́, kí ni ó fi hàn? Ó fi hàn pé ohun kan yàtọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn ènìyàn mẹ́rin náà. Kò fi hàn pé ìyàtọ̀ yẹn ni ó bí ohùn tí aláìsàn ń gbọ́, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í gbọ́ ohùn.

Ní ọdún 2022, ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe tọ́ka sí ibi 287 nínú jíìnì ènìyàn tí ó ní ọwọ́ nínú ewu schizophrenia. Ìpín tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń kó kéré gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ìbí, ìgbé ayé ọmọdé àti ohun tí ènìyàn ń mu tàbí tí ó ń fà pẹ̀lú lè dá kún un. Níbi tí afura bá ti pọ̀ tó báyìí, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn mẹ́rin kò tó láti dá ẹjọ́. Ẹni tí ó bá rí ìyàtọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì aláìsàn, tí ó sì kéde lójú ẹsẹ̀ pé òun ti rí okùnfà, ti padà sí ìdí òwe àjẹ́ àná, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun onísáyẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dá sẹ́ẹ̀lì padà sí ìpìlẹ̀, ọ̀pọ̀ àmì ogbó ara rẹ̀ ni ó ń parẹ́. Ìṣù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jọ ọpọlọ ọlẹ̀ ju ọpọlọ àgbà lọ. Kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà àárín rẹ̀ a máa kú bí ó bá ti ń tóbi. Ní ọdún 2020, àwọn olùṣèwádìí ní San Francisco fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì inú irú ìṣù bẹ́ẹ̀ wà nínú ìnira, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n pé bí ti inú ọpọlọ gidi. Ní 2022, Sergiu Pașca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbin ìṣù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ènìyàn sínú ọpọlọ ọmọ eku tuntun. Sẹ́ẹ̀lì náà dàgbà ju ti inú àwo lọ, àbùkù tí àrùn Timothy ń fà sì hàn lára wọn ní ọ̀nà tí àwo nìkan kò tíì jẹ́ kí ó hàn. Iṣẹ́ wọn yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ lámèyítọ́ lórí àwo.

5.0 Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ìṣù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ní òkè òkun sọ ọ́ ní ọpọlọ bíńtín tàbí ọpọlọ inú àwo. Orúkọ náà dùn létí, ó sì ta ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn Lancaster hù kò tóbi ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ, nígbà tí ọpọlọ àgbàlagbà ní sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn tí ó tó bílíọ̀nù 86, pẹ̀lú òpó ẹ̀jẹ̀, ojú, etí àti gbogbo ara tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an fẹnu kò, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n yẹra fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá gbọ́ èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀.

Ìtumọ̀ olówuuru ni ewu àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá mú orúkọ tí sẹ́ẹ̀lì yìí ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì igi tàbí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá, ti mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sínú oko. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sàn jù, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe: òun ni àwọn yòókù dúró lé. Èyí tí wọ́n dá padà láti ara awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àdápadà, kí ó lè yàtọ̀ sí ti inú ọlẹ̀, nítorí àríyànjiyàn tí ó wà lórí ti ọlẹ̀ kò kan ti awọ. Dípò ọpọlọ bíńtín, ìṣù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni iṣẹ́ yìí lò láti òkè wá. Orúkọ náà kò dùn tó ti ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ohun tí kò sí. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ: akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sọ fún pé ọpọlọ wà nínú àwo yóò béèrè bóyá ó ń ronú, kò sì ní rántí béèrè ohun tí ó fa àrùn mọ́.

6.0 Sẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn àti ìbéèrè Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí jíìnì tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àádọ́rùn-ún ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ lò, ní ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ tí ó ti dàgbà. Wọ́n sọ ẹ̀jẹ̀ náà di sẹ́ẹ̀lì tí kì í tán, tí ó wà ní ìpamọ́ ní New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2018, àwọn olùṣèwádìí ní Chicago kéde pé àwọn ti dá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ padà láti ara 58 nínú irú sẹ́ẹ̀lì Yorùbá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ lórí bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ àti lórí sẹ́ẹ̀lì ọkàn ni wọ́n fi wọ́n ṣe.

Ǹjẹ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lè sọ okùnfà àrùn ọpọlọ láàárín Yorùbá? Lọ́nà kan, wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Lọ́nà mìíràn, rárá, nítorí pé HapMap kò gba ìròyìn ìlera lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sì so orúkọ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó lè padà lọ béèrè bóyá ẹni tí ó ni sẹ́ẹ̀lì kan ń gbàgbé nǹkan ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ dára, nítorí ó dáàbò bo àwọn olùfẹ̀jẹ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn aláìsàn, tí ó fún sẹ́ẹ̀lì obìnrin ẹni ọdún 82 nì ní ìtumọ̀, kò sí níbí.

Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè wà. Ní ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú àwọn ẹni ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn Alzheimer, èyí tí ń jẹ ìrántí, ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú ìdá 2.52 ní Indianapolis. Ohun tí ó tún jọni lójú ni ti ẹ̀dà jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOE4, tí ó ń fi ewu àrùn náà kún ewu ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ̀dà náà kò ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá. Síbẹ̀, nínú àbájáde 2014, àwọn tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá nìkan ni ewu wọn hàn gbangba ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ẹni tí ó jogún ẹyọ kan pàápàá kò bọ́.

Kí ni ó dáàbò bo àgbàlagbà Ìbàdàn? Ṣé oúnjẹ ni, ṣé iṣẹ́ ara ni, ṣé àwọn jíìnì mìíràn tí ó yí APOE4 ká ni? Apá ìkẹyìn nínú ìbéèrè yìí ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lè bá wa dé. Ní ọdún 2018, Li-Huei Tsai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts yí ẹ̀dà APOE padà nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àdápadà, tí ó fi jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ní APOE4 fi àmì Alzheimer hàn. Nígbà tí wọ́n yí i padà, púpọ̀ nínú àmì náà dín kù. Bí wọ́n bá ṣe irú ìdánwò yìí nínú sẹ́ẹ̀lì Yorùbá, tí wọ́n sì fi wé ti ẹlòmíràn, yóò hàn bóyá inú sẹ́ẹ̀lì ni ààbò náà wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ìta ni kí wọ́n lọ wá a, nínú oúnjẹ àti ìgbé ayé. Ìdáhùn méjèèjì ni ó lérè. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì aláìsàn tí ìtàn rẹ̀ pé, tí ó sì fi ìmọ̀ àti ìfẹ́ inú rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ni iṣẹ́ náà nílò, kí ó sì jẹ́ pé yàrá ìwádìí ní Ìbàdàn àti irú rẹ̀ ní ipa nínú bíbéèrè ìbéèrè náà, kì í ṣe nínú kíkó ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ nìkan.

7.0 Ohun tí ó kan olùkọ́

Olùkọ́ ni ó sábà máa ń wà nítòsí nígbà tí wárápá bá kọ́kọ́ gbé ọmọ ṣánlẹ̀ nínú kíláàsì. Bí olùkọ́ bá gbà pé itọ́ ẹnu ọmọ náà ń ranni, kò ní fọwọ́ kàn án, àwọn ọmọ yòókù kò ní bá a jókòó mọ́, àwọn òbí rẹ̀ yóò sì mú un kúrò nílé-ìwé. Ẹ̀bi náà sábà máa ń pa dà sórí ìyá: wọn a ní ilé rẹ̀ ni, tàbí ohun tí ó jẹ nígbà oyún. Ìyá ọmọ olórí kékeré ní Brazil náà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwádìí tó sọ̀rọ̀. Èyí ni ó mú kí ìmọ̀ okùnfà jẹ́ ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí lọ.

Lọ́wọ́ kejì, olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìgbàgbọ́ kan rọ́pò òmíràn. Wíwá okùnfà yàtọ̀ sí wíwo àrùn sàn, àwọn kan sì ti wà káàkiri àgbáyé tí ń ta abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fún àwọn òbí tí ìyà ti jẹ, láìsí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lágbàáyé pàápàá ti kìlọ̀ lórí èyí. Ìbéèrè mẹ́ta tí ó wà nínú ìfáárà iṣẹ́ yìí kò le jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama. Olùkọ́ lè fi wọ́n kọ́ wọn láti yẹ ìròyìn sáyẹ́ǹsì wò, bí ó ti lè fi wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ inú àdúgbò wò.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé lílo sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti wádìí okùnfà àrùn ọpọlọ jẹ́ ìlọsíwájú gidi, nítorí pé ó jẹ́ kí wọ́n bá àrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, pẹ̀lú ìfiwéra tí ó ṣeé dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún fi hàn pé agbára ẹ̀rí náà wà ní ìbámu pẹ̀lú irú okùnfà tí wọ́n ń wá. Fáírọ́ọ̀sì kan tàbí jíìnì kan ṣeé mú ní ọwọ́ ìjà; àrùn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì àti ìgbé ayé jọ fà kò ṣeé fi àwo nìkan mú. Orúkọ tí ó bá fẹ́ bo ìyàtọ̀ yìí mọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní èdè Yorùbá, kò yẹ ní lílò nínú kíláàsì.

Ní ti òwe àjẹ́ àná, kò sí ìdí láti sọ ọ́ nù. Kí olùkọ́ máa pa á, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tòótọ́: ta ni kò mọ̀? Ẹni tí kò tíì rí ohun tí ó so igbe pọ̀ mọ́ ikú kò tíì mọ̀, ó sì yẹ kí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú.